Ìkòkò Tó Bá Yọ́ Kì í Ní Àpáàdì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí ènìyàn bá gba orí afárá Kennedy tí wọ́n ṣí ní ọdún 1970, tí ó fi sọdá Odò Ọya ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, tí ó sì bọ́ sí òdìkejì odò tí àwọn Zarma ń pè ní Harobanda, ìyẹn ẹ̀yìn omi, yóò mọ̀ pé òwe náà kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Harobanda yìí ni Yunifásítì Abdou Moumouni wà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì pọ̀ sí, olóúnjẹ kò lè ṣàìpọ̀ níbẹ̀. Ìkòkò tí wọ́n ń gbé kaná kì í ṣe ti amọ̀. Àlùmíníọ̀mù ni. Ikùn rẹ̀ yọ roboto, etí méjì wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e, ẹsẹ̀ kéékèèké mẹ́ta sì wà ní ìdí rẹ̀. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kan náà ni ó wà ní Ìbàdàn, ní Kútọnu, ní Lomé àti ní Àkúrẹ́, tí kò sí ẹni tí ó ń bi í léèrè ibi tí ó ti wá.

Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè náà tó béèrè. Púpọ̀ nínú irú ìkòkò yìí kò ti ilé-iṣẹ́ ńlá kankan wá. Àjákù ẹ́ńjìnnì mọ́tò, agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò, férémù fèrèsé tí wọ́n yọ dànù àti ìkòkò tí ó ti lu ni àwọn alágbẹ̀dẹ kó jọ. Wọ́n yọ́ wọn pọ̀ lórí iná èédú, wọ́n fi ìkòkò àtijọ́ kan tẹ bátànì sínú yẹpẹ̀ tútù, wọ́n sì da irin yíyọ́ náà sínú bátànì ọ̀hún. Nígbà tí ó bá tutù tí wọ́n fọ́ yẹpẹ̀ náà kúrò, ìkòkò tuntun dé nìyẹn. Lọ́jọ́ tí òun náà bá lu, yóò padà sínú iná, yóò tún di òmíràn. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, kò sì sí ohun tí ó ṣòfò nínú rẹ̀. Ohun kan péré ni ó ń ṣòfò níbẹ̀, òun náà ni ìtàn.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín amọ̀ àti irin. Bí ìkòkò amọ̀ bá ti wọ iná, tí iná sì ti jó o gbó, kò tún lè padà di amọ̀ tútù mọ́ láéláé. Lọ́jọ́ tí ó bá fọ́, kò sí ẹni tí ó lè yọ́ ọ láti fi ṣe òmíràn. Wọn yóò da àpáàdì rẹ̀ sí àkìtàn, ibẹ̀ ni yóò sì wà. Òjò yóò pa á, yẹpẹ̀ yóò bò ó, ẹgbẹ̀rún ọdún yóò kọjá lórí rẹ̀, síbẹ̀ àpáàdì ni yóò máa jẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé níbikíbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn bá ti ń walẹ̀ láti wá ìtàn kiri ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àpáàdì ni ọkọ́ wọn kọ́kọ́ ń bá pàdé. Ti irin kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkòkò bàbà tí ó fọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dà nù. Owó ni. Alágbẹ̀dẹ yóò rà á, yóò yọ́ ọ, yóò fi ṣe nǹkan mìíràn, ìkòkò ti àná yóò sì pòórá pátápátá bí ẹni pé kò sí nílé ayé rí. Ìkòkò tí ó bá yọ́ kì í ní àpáàdì.

Nítorí náà, bí ènìyàn bá fẹ́ mọ irú ìkòkò irin, idẹ tàbí bàbà tí àwọn baba ńlá ẹni mọ̀ ní ẹgbẹ̀ta tàbí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, àwọn díẹ̀ tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ iná ni yóò bi léèrè. Ohun tí ó sì ya ni lẹ́nu ni pé orílẹ̀-èdè Niger yìí gan-an wà lára ibi tí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1353, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Mòrókò, dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Takedda. Àwọn onímọ̀ ti tọ́ka sí Azelik, nítòsí In Gall ní àríwá Niger òde òní, gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìlú náà wà. Ó rí i pé wọ́n ń wa bàbà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú, wọ́n sì ń kó o wá sílé kí àwọn ẹrú lọ́kùnrin lóbìnrin wá yọ́ ọ. Wọn a sọ ọ́ di ọ̀pá tí gígùn rẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ààbọ̀ nígbà tí ènìyàn bá na ìka, òmíràn tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn nípọn. Ọ̀pá bàbà yìí ni owó ìlú. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ra ẹran àti igi ìdáná, nínípọn sì ni wọ́n fi ń ra ẹrú, ọkà bàbà, òrí àti àlìkámà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó bàbà lọ sí ilẹ̀ Góbìr àti Bọ̀rnó. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: bàbà ra ẹran, ó ra igi tí wọ́n fi sè é, ó sì ra ọkà tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Ohun tí ó ń wọ inú ìkòkò ni bàbà ń rà, ó níye lórí ju kí gbogbo ilé máa fi se ọbẹ̀ lọ.

Ẹ̀rí ti Mansa Musa fi èyí múlẹ̀. Nígbà tí ọba Màlì yìí dé ìlú Cairo ní ọdún 1324 nígbà tí ó ń lọ sí Mẹ́kà, ó sọ fún wọn níbẹ̀ pé bàbà ilẹ̀ òun ni àwọn fi ń ra wúrà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Òǹkọ̀wé al-Umari kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwọ̀n bàbà 100 ń gba ìwọ̀n wúrà 66 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ní ibi tí bàbà bá ti níye lórí tó báyìí, ta ni yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé orí iná lójoojúmọ́ kí ó lè jó mọ́ ọn lójú? Amọ̀ ló ń se oúnjẹ fún mùtúmùwà. Ìkòkò idẹ àti ti bàbà, ọba, ìjòyè àti òrìṣà ni wọ́n wà fún.

Ohun kan tún wà ní Marandet, gúúsù Agadez, ní orílẹ̀-èdè Niger kan náà, tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn mọ̀. Níbẹ̀ ni àwọn oníwàádìí ti rí ìkòkò kéékèèké tí wọ́n fi amọ̀ mọ, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń yọ́ bàbà kí ọ̀rúndún kejìlá tó dé. Iye tí wọ́n rí ju 40,000 lọ. Bàbà tí wọ́n yọ́ nínú ìkòkò 40,000 kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n níbo ni ó wà? Ó ti rìn lọ. Ó ti di ẹ̀gbà ọwọ́, ó ti di abọ́, ó ti di owó, wọ́n sì ti tún un yọ́ ní ìlú mìíràn. Amọ̀ tí kò níye lórí ni ó dúró tì wá láti jẹ́rìí pé bàbà ti kọjá níbẹ̀ rí.

Báwo wá ni àwọn ìkòkò díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù ṣe bọ́? Ọ̀nà tí wọ́n gbà bọ́ kò pọ̀. Èkíní ni kí ilẹ̀ gbà á pamọ́. Ní ọdún 1938, ní Igbo-Ukwu ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, Isaiah Anozie ń gbẹ́ kòtò tí yóò máa gba omi òjò sí ní àgbàlá rẹ̀ nígbà tí ọkọ́ rẹ̀ kan idẹ. Àwọn aládùúgbò kó nínú rẹ̀ lọ, nítorí wọ́n gbà pé agbára oògùn wà lára rẹ̀. Ní ọdún 1959 sí 1960, àti ní 1964, Thurstan Shaw tí ó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ wa ibẹ̀. Ohun tí ó hú jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe é gbàgbọ́: abọ́ onídẹ tí wọ́n ṣe bí igbá, abọ́ tí wọ́n ṣe bí ìkarahun, àti ìkòkò kan lórí ìjókòó rẹ̀ tí okùn idẹ ta yí ká bí ẹni pé okùn gidi ni wọ́n fi dì í. Ọ̀rúndún kẹsàn-án ni wọ́n sọ pé àwọn ohun wọ̀nyí ti wà. Ká ní kì í ṣe pé wọ́n wà lábẹ́ ilẹ̀ ni, wọn ìbá ti yọ́ wọn tipẹ́tipẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé ìbá sì máa wí títí di òní pé ènìyàn dúdú ibí kò mọ idẹ í dà nígbà náà.

Ilẹ̀ Ifẹ̀ náà ní ti tirẹ̀. Ní ọdún 1957, àwọn lébìrà tí wọ́n ń tún ilẹ̀ ṣe fún ilé kan ní Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀ fi díńgà kan àwọn ère idẹ lábẹ́ ilẹ̀. Lára ohun tí ó jáde níbẹ̀ ni ìkòkò kékeré kan tí àwòrán ènìyàn tí ó dé adé ká mọ́ lára, tí ó sì jókòó lórí àpótí. Kò tóbi. Ọwọ́ kan lè gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wò ó yóò mọ̀ pé ẹni tí ó dà á mọ ohun tí ìkòkò jẹ́ lọ́kàn Yorùbá: ohun tí ó ń gba nǹkan sínú, tí ó sì ń pa á mọ́. Díńgà tí ó rí i náà ni ì bá fọ́ ọ. Díẹ̀ báyìí ni ó wà láàárín kí ohun ìtàn jáde àti kí ó bàjẹ́.

Ọ̀nà kejì ni kí ọba tàbí òrìṣà gbà á tọ́jú. Ní Nsawkaw àti Atebubu ní orílẹ̀-èdè Gánà, àwọn abọ́ idẹ tí wọ́n ṣe ní Íjíbítì láyé àwọn ọba Mamluk, tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá fín lára, ti di ohun ìbọ. Ẹnikẹ́ni kò ní ta ohun ìbọ ìlú fún alágbẹ̀dẹ. Ti Kùmásì tún ju ìyẹn lọ. Ní ọdún 1896, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ààfin Asantehene Prempeh Kìíní, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kó ni òrù bàbà ńlá kan tí ó ní ìdérí, tí gíga rẹ̀ lé ní 60 sẹ̀ǹtímítà. Àmì ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára rẹ̀, ìyẹn Richard Kejì tí ó jọba láti 1377 sí 1399. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ yí i ká jẹ́ ìmọ̀ràn nípa ṣíṣọ́ owó ná àti nípa kí ènìyàn má yára dá ẹjọ́ ohun tí kò tíì dájú. Fọ́tò kan tí wọ́n yà ní ọdún 1884 fi hàn pé inú àgbàlá ààfin, lábẹ́ igi, ni ó ti wà. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a mọ̀ sí British Museum ni ó wà báyìí. Ó wá jẹ́ pé irú òrù bẹ́ẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn yọ́ nílé wọn, Kùmásì ni ó bá wọn pa á mọ́ fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó wá fi ìbọn gbà á padà.

Ọ̀nà kẹta ni kí àjálù gbé e pamọ́. Ní ọdún 1964, Théodore Monod, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, dé ibì kan nínú aṣálẹ̀ ilẹ̀ Mọriténíà tí wọ́n ń pè ní Ma'den Ijafen. Ó bá ọ̀pá idẹ tí ó ju 2,000 lọ nínú iyanrìn, owó ẹyọ sì wà pẹ̀lú wọn. Ẹrù àwọn oníṣòwò oníràkúnmí ni, tí ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá. Àwọn tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ kò padà wá gbé e. Ohun tí ó jẹ́ òfò ńlá fún wọn ni ó di èrè fún ìtàn, nítorí ká ní ẹrù náà gúnlẹ̀ ni, kò sí ọ̀pá kan tí ì bá kù.

Nígbà tí ó di pé àwọn Pọtogí gba ojú òkun dé, idẹ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò mọ́. Duarte Pacheco Pereira tí ó kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún mẹ́nu kan ìlú Ìjẹ̀bú. Ó ní wọ́n ń ta ẹrú níbẹ̀ ní ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15 fún ẹni kan. Ní ọdún 1548, ilé-iṣẹ́ àwọn Fugger ní ilẹ̀ Jámánì ṣe àdéhùn pẹ̀lú aṣojú ọba Pọtogí pé láàárín ọdún mẹ́ta, yàtọ̀ sí ẹ̀gbà idẹ tí wọ́n ń wọ̀n ní ọ̀kẹ́ àìmọye, àwọn yóò pèsè ìkòkò 24,000, ìkòkò ńlá ìdáná 10,500 àti abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjà Guinea. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2023 ti fi hàn pé idẹ láti agbègbè odò Rhine ní Jámánì ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ère Benin tí gbogbo ayé ń pariwo.

Ìkòkò ńlá ìdáná 10,500! Ẹ wá èyí tí ó ṣẹ́ kù nínú wọn kiri. Ẹni tí ó bá rí ẹyọ kan tí ó pé, kí ó dúpẹ́. Àwọn asúdẹ ìgbà náà kò wò wọ́n bí ìkòkò, idẹ ni wọ́n rí. Ohun tí ó wọ iná bí ìkòkò Jámánì jáde bí ẹ̀gbà, bí agogo, bí ẹdan Ògbóni, bí ohun èlò Ọ̀ṣun. Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí wọn. Ká ní wọn kò yọ́ ìkòkò ni, a kì bá má ní ẹdan. Yíyọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, òun gan-an ni ìyá iṣẹ́ ọnà idẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yọ́ nǹkan láìmọ ohun tí ó jẹ́, ó yàtọ̀ sí ẹni tí ó mọ̀ kí ó tó yọ́ ọ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ni òrù ọba Richard náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Láyé àtijọ́ ọ̀hún, ìkòkò bàbà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn tí ọwọ́ wọn dẹ̀ níbẹ̀ fi ń se ọbẹ̀ lórí ẹyin iná. Púpọ̀ nínú wọn ti yọ́, wọ́n ti di àwọn nǹkan mìíràn. Ohun tí ó kù ní oko ni ẹsẹ̀ ìkòkò tí ó kán, àti èérún etí rẹ̀, tí ohun ìtúlẹ̀ ń tú síta. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti dá ètò kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tí ó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè mú un wá kí wọ́n yà á ní fọ́tò, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n kọ ibi tí ó ti jáde sílẹ̀, kí ó sì mú un padà lọ sílé. Nígbà tí ó fi di ọdún 2014, ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ti pé mílíọ̀nù kan. Ẹsẹ̀ ìkòkò kan ṣoṣo tí kò níláárí lójú ọlọ́jà, tí ó bá ti ní ibi tí ó ti wá, ó ti di ẹlẹ́rìí.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta yìí náà ni ó sì so ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ tiwa. Ní ọdún 1707, Abraham Darby gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa da ìkòkò irin sínú yẹpẹ̀, kí ó lè dínwó ju ti bàbà lọ. Bátànì ti àtijọ́ ni wọ́n tẹ̀ lé: ikùn roboto, etí méjì, ẹsẹ̀ mẹ́ta. Irú ìkòkò irin bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó di ìkòkò irin tí àwọn ìyá wa fi ń se oúnjẹ òde. Nígbà tí àjákù mọ́tò wá pọ̀, alágbẹ̀dẹ ibí fi ìkòkò irin yẹn tẹ yẹpẹ̀, ó da àlùmíníọ̀mù sí i. Bí ìkòkò Harobanda ṣe wá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Bàbà ti lọ, irin ń lọ, ṣùgbọ́n àwòrán wọn kò tíì lọ. Nínú gbogbo èérún tí ìkòkò àtijọ́ fi sílẹ̀, èyí ni ó tóbi jù, ó sì wà lórí iná lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ewu méjì ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Èkíní jẹ́ ti ara. Nígbà tí kò bá sí ẹni tí ó mọ ohun tí wọ́n yọ́ pọ̀, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí yóò jáde sínú ọbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 lórí ìkòkò àjákù irin tí wọ́n dà ní Kamẹrúùnù fi hàn pé òjé ń yọ láti ara wọn wọ inú oúnjẹ, òjé sì jẹ́ májèlé fún ọpọlọ ọmọdé. Ìkòkò tí kò ní ìtàn lè ní àrùn.

Ewu kejì jẹ́ ti olè. Ní ọdún 1975, wọ́n rí itẹ́ òkú àtijọ́ kan ní Bura, ní agbègbè Tillabéri ní Niger. Ní ọdún 1983, Boubé Gado láti ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ìmọ̀ ọmọnìyàn ti Yunifásítì Niamey wa ibẹ̀, ó bá ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń sin òkú, ère orí ènìyàn àti ti ẹlẹ́ṣin lórí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ní ọdún 1993, wọ́n kó lára wọn lọ ṣe àfihàn ní Paris. Ayé rí i, olè náà rí i. Kò pẹ́ tí àwọn tí ń wú òkú fi bẹ̀rẹ̀ sí í da ilẹ̀ náà rú, tí wọ́n ń fọ́ ìkòkò kí ọwọ́ wọn lè tẹ orí ère. Nígbà tí ó di ọdún 2000, ICOM, ẹgbẹ́ àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé, gbé ìwé àwọn ohun ilẹ̀ Áfíríkà tí olè ń lé jù jáde. Ìkòkò, ère àti idẹ ti agbègbè Bura wà nínú rẹ̀. Àwọn ère Ifẹ̀ àti àwọn ère òkúta Èsìẹ́ wà nínú ìwé kan náà pẹ̀lú wọn. Nítorí náà, kí Yorùbá má wí pé ọ̀rọ̀ Niger kò kan òun.

Òfin kò ṣaláìsí. Nàìjíríà ti ní òfin láti ọdún 1979 tí kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí láti tà á bí kò bá ní àṣẹ, òfin yìí kan náà ni ó dá àjọ tí ń mójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀. Niger náà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1997. Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ yàrá ìyá àgbà. Ẹni tí ó ń ra àjákù irin kiri àdúgbò, tí ó ń lu agogo, òun ni ó ń wọ ibẹ̀. Òṣùwọ̀n ni ó gbé dání, kò gbé ìwé ìtàn. Lójú òṣùwọ̀n, abọ́ idẹ tí ìyá ìyá ẹni gbé wọ ilé ọkọ àti ẹ̀rọ omi tí ó bàjẹ́, ọ̀kan náà ni wọ́n: wíwọ̀n ni wọn yóò wọ̀n ọ́n, iná ni yóò sì gbà á lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Kò sí ẹni tí yóò bá ẹni tí ebi ń pa wí pé ó ta idẹ. Bí owó ilé-ìwé ọmọ bá délẹ̀, tí abọ́ àtijọ́ sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọmọ ni yóò borí. Síbẹ̀, ohun tí kò gba kọ́bọ̀ wà tí ènìyàn lè ṣe kí nǹkan tó kúrò nílé. Kí wọ́n bi àgbà léèrè: ta ni ó ni ín, ọ̀dọ̀ ta ni ó ti rà á, ìlú wo ni wọ́n ti dà á, kí ni wọ́n fi ń ṣe? Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àgbà náà tó lọ. Kí wọ́n fi fóònù yà á ní fọ́tò, ojú, ìdí àti inú. Bí wọ́n bá bá a nínú ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, kí wọ́n dá díńgà dúró, kí wọ́n sì ké sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí yunifásítì tí ó súnmọ́ wọn jù, nítorí ibi tí nǹkan ti jáde jẹ́ ìdajì ohun tí ó lè sọ. Àwọn asúdẹ àti alágbẹ̀dẹ gan-an yẹ kí wọ́n wà nínú ètò yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọwọ́ wọn ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá, ojú wọn sì mọ idẹ àtijọ́ yàtọ̀ sí ti òní. Bí ìjọba bá lè dá wọn mọ̀, tí ó sì ń san owó àjákù irin padà fún ẹni tí ó bá fi ohun àtijọ́ hàn dípò kí ó yọ́ ọ, owó náà kò ní pọ̀ tó iye tí wọ́n ń ná láti bẹ àwọn òyìnbó kí wọ́n dá ohun tí wọ́n kó lọ padà.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a máa wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a máa wo ẹ̀yìn. Ìran tí ó ti yọ́ gbogbo ohun ẹ̀yìn rẹ̀ tán, bí ó bá ṣubú, kí ni yóò rí nígbà tí ó bá bojú wẹ̀yìn?